Bí Safe Mode Ṣe Dé, àti Bí F8 Ṣe Di Àwátì

Ní Adégbayì, lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, bíi ti àwọn ìlú kéékèèké mìíràn ní agbègbè Ẹgbẹ́dá, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì kì í sinmi. Òun ni wọ́n fi ń tẹ ìwé, òun náà ni wọ́n fi ń gba fọ́ọ̀mù JAMB. Wọ́n á mú iná lọ nígbà tí Windows ń gba àtúnṣe lọ́wọ́. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ á tàn, á gbé àmì Windows sójú, á sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀ńjíníà tó mọṣẹ́ kì í kàn sáré fọ́máàtì rẹ̀, torí pé iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà nínú rẹ̀. Safe Mode ló máa kọ́kọ́ wá.

Nínú Safe Mode, ohun tí kíbọ́ọ̀dù, máòsì, hard disk àti ojú ẹ̀rọ nílò nìkan ni Windows máa ń gbé wọlé. Ohùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ètò tó máa ń dìde fúnra wọn á dúró síta. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn dáadáa báyìí, a jẹ́ pé àárín àwọn tó dúró síta ni kí wọ́n ti wá ẹni tó dá wàhálà sílẹ̀: driver tuntun ni o, antivirus méjì tó ń bá ara wọn jà ni o, fáírọ́ọ̀sì ni o. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé hard disk tàbí mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ọgbọ́n yìí dàgbà ju Windows lọ. Ní àwọn ọdún 1970, ní Bell Labs nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti ṣẹ̀dá Unix, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lò. Ojú ẹ̀rọ PDP-11 tí wọ́n ń lò ní ìlà súìsì kéékèèké kan. Bí olùtọ́jú bá to súìsì wọ̀nyí sí 173030, Unix kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé. Òun nìkan ló máa wà nídìí ẹ̀rọ títí yóò fi tún disk ṣe tán. Single-user mode ni wọ́n ń pè é. Láyé ìgbà yẹn, iléeṣẹ́ ńlá àti yunifásítì ló ní kọ̀ǹpútà, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ni ín di olùtọ́jú rẹ̀ tipátipá. Apple ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1991 pẹ̀lú System 7: ẹni tó bá di Shift mú bí Macintosh ṣe ń tàn á pa gbogbo àfikún. MS-DOS 6 tẹ̀ lé e ní 1993. F5 á fo CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT, fáìlì méjì tí ẹ̀rọ máa ń kà bó ṣe ń tàn, F8 á sì máa béèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá kó ṣe é tàbí kó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995 ni Windows 95 jáde, òun ló sì sọ Safe Mode di orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n á tẹ F8 nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ "Starting Windows 95". Ojú kọ̀ǹpútà á wá tóbi gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀ 16 péré, ọ̀rọ̀ náà Safe Mode á sì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ̀rọ bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á dábàá Safe Mode nígbà tí wọ́n bá tún un tàn. Windows NT 4 kò ní irú rẹ̀. Windows 2000 ló mú un wọ ẹ̀yà NT.

Windows XP, tó jáde ní 2001, ló bá káfè íńtánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pàdé nílẹ̀ Yorùbá. Fíláàṣì kan á ti ọwọ́ oníbàárà kan bọ́ sí ti òmíràn, fáírọ́ọ̀sì á sì máa bá a rìn. Inú Safe Mode ni wọ́n ti máa ń rí àyè fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: Sality máa ń pa gbogbo ìlà SafeBoot rẹ́ nínú registry, kí ọ̀nà ibẹ̀ lè dí. Nígbà tó di 2019, Snatch tún burú jù ú lọ. Ó ń tún kọ̀ǹpútà tàn sínú Safe Mode fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ antivirus kì í ti í jí, á wá ti fáìlì èèyàn pa kó lè gbowó ìtúsílẹ̀.

Ní 2012 ni Windows 8 gba F8 lọ́wọ́ èèyàn. Microsoft ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà tuntun ti ń yára tàn débi pé àkókò tó ní láti gbọ́ bọ́tìnnì kò tó ìdá kan nínú ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò dára tó. Wọ́n ní kí èèyàn di Shift mú kó tẹ Restart, bẹ́ẹ̀ Windows tó kọ̀ láti ṣí gan-an ni Restart wà nínú rẹ̀! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tàn léraléra kó tó gbé ojú àtúnṣe jáde. Èèyàn á gba Troubleshoot, Advanced options àti Startup Settings kọjá kó tó lè tẹ 4. Ẹ̀ńjíníà tó bá fi àṣẹ bcdedit yí bootmenupolicy sí legacy lè dá F8 padà, ó sì yẹ kó ṣe é fún oníbàárà rẹ̀ kí wàhálà tó dé.

Ní abúlé oko Lágelú àti Akínyẹlé, fóònù ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn. Android 4.1, tó jáde ní 2012 yẹn kan náà, mú kó rọrùn láti wọ Safe Mode lórí rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, wọ́n á di bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á mú, wọ́n á wá fi ìka tẹ Power off pẹ́ títí fóònù á fi béèrè. Àwọn ápù tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ á sùn. Bí ìpolówó tó ń bo ojú fóònù bá dáwọ́ dúró, ọ̀kan nínú wọn ló jẹ̀bi. Èyí tó dé kẹ́yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, fáìlì kan tí iléeṣẹ́ ààbò CrowdStrike fi ránṣẹ́ ní àṣìṣe nínú. Bí Windows bá ti kà á, ẹ̀rọ á kú, á tún tàn, á tún kú. Microsoft fojú bù ú pé mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà ló kàn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kò gbéra, Sky News kúrò lórí afẹ́fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ dókítà aládùúgbò ní England kò sì rí ìwé aláìsàn ṣí. CrowdStrike fa fáìlì náà sẹ́yìn kó tó pé wákàtí kan ààbọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ti kú kò lè gba àtúnṣe náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa ti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí òmíràn, kí wọ́n wọ Safe Mode, kí wọ́n pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́. Níbi tí BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, bá wà, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Microsoft kéde Quick Machine Recovery, tí wọ́n á fi lè ti òkèèrè fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó kọ̀ láti tàn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ṣì ní láti jókòó ti ẹ̀rọ náà, kí kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ ní kíkọ síbòmíràn.