Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Àtijọ́: Ọwọ́ Ta Ló Ṣe É?

Ère idẹ Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó, Ilé-Ifẹ̀, ní 1957, jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì nípa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ayé àtijọ́. Ọ̀wọ́ ìlẹ̀kẹ̀ gorí ara wọn láti ọrùn dé àyà, èyí tó nípọn àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, kálukú ní àyè tirẹ̀. Yúróòpù a máa de òkúta iyebíye mọ́ wúrà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òkúta fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lu, tí wọ́n á sì fi okùn sín in. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ló sọ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ yìí di iyebíye, tiwa sì ni iṣẹ́ ọwọ́ náà.

Àwọn kan á ní ọjà òkèèrè ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé inú òkun ni iyùn ti wá, oníṣòwò ló gbé e dé. Ṣùgbọ́n ti ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì yàtọ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí ìkòkò tí gíláàsì yọ́ mọ́ nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé ńṣe ni Ifẹ̀ kàn ń tún gíláàsì tó ti òkèèrè wá yọ́. Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá wá walẹ̀ ní Igbó Olókun, ní Ifẹ̀ kan náà, ní 2011 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò àti pàǹtí iṣẹ́, láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu, irú rẹ̀ sì ti jáde títí dé Gao, ní Mali. Ifẹ̀ ló ń ṣe é, tó sì ń tà á.

Nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wa, lántànà Ìlọrin ló wù mí jù. Òkúta pupa líle ni, tí àwọn oníṣẹ́ ọnà tó ti Ọ̀yọ́-Ilé wá ń gé nígbà kan, tí wọ́n ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń fi òkúta lọ̀ títí yóò fi dán. Alátakò lè ní òkúta náà kì í ṣe ti Ìlọrin. Wúrà tí alágbẹ̀dẹ London fi ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ṣé ilẹ̀ London ni wọ́n ti wà á? Ayédèrú olówó pọ́ọ́kú láti Yúróòpù ló ba ọjà lántànà jẹ́ ní ọ̀rúndún 20, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe.

Ẹ̀yin tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u tà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n ṣe tò ó wà lára iṣẹ́ ọwọ́ náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe tò ó sílẹ̀.