Títa Ríro Là Ń Kọlà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní títa ríro là ń kọlà, bí ó bá jinná tán, a di oge. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn níbi ìkómọjáde kan tí a lọ ní Stockwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé. Bí ó ti tẹríba ni bùláòsì rẹ̀ ká sókè, tí gbogbo ilé sì rí òdòdó aláwọ̀ aró tí wọ́n fín sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lókè ìbàdí. Ìyá kan pòṣé. Òmíràn ní, "Irú ọmọ wo rèé? Ta ni yóò gbé èyí níyàwó?" Ọmọ náà gbọ́. Ó dìde, ó fa aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì jáde lọ sí ìta.

Ìyá àgbà kan tí ó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ láti agbègbè Ìmẹ̀kọ ni ó pa wá lẹ́nu mọ́. Màmá ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó fi àwọn ilà dúdú wẹ́wẹ́ tí ó wà ní apá rẹ̀ hàn wá, ó ní, "Kóló nìyí. Ó wà lẹ́yìn mi náà. Nígbà tí mo ṣe é, ta ni ó pè mí ní ọmọkọ́mọ?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí kóló jẹ́. Ilà ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀: àbàjà, pẹ́lé, gọ̀ǹbọ́ àti àwọn yòókù tí Samuel Johnson tò sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ilà ojú ń sọ ìdílé àti ìlú tí ènìyàn ti wá. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ jẹ́ ti oògùn. Ṣùgbọ́n kóló jẹ́ ti ẹwà. Olóólà a máa fi abẹ ṣá ara wẹ́wẹ́, a sì fi dúdú ra ojú ọgbẹ́ náà kí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ lè hàn nígbà tí ó bá jinná. Henry John Drewal, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà láti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí Arnold Rubin ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1988. Ohun tí ó hàn níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹwà nìkan ni àwọn ènìyàn ń rí lára kóló. Wọ́n ń rí ìgboyà pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tí ó fara da abẹ ti fi hàn pé òun kì í ṣe ojo.

Ìbàdí pàápàá kì í ṣe ibi tuntun fún oge láàárín wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a kò ní máa pa á lówe pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀sìn tuntun àti ilé ìwé ni ó dé, tí ọ̀pọ̀ ohun tí ó jẹ́ oge fún àwọn ìyá wa fi di ohun tí a ń fi aṣọ bò.

Àwọn òyìnbó tí a wà láàárín wọn náà ní ìtàn tiwọn. Láti Tahiti, níbi tí Ọ̀gákọ̀ James Cook gúnlẹ̀ sí ní ọdún 1769, ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà "tátù" wọ èdè wọn. Ní ọdún 1862, ọmọ ọba tí ó wá di Edward Keje fín àgbélébùú sí apá rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 1881, ọmọ rẹ̀ tí ó wá di George Karùn-ún fín dírágónì sí tirẹ̀ ní Japan. Ní Lambeth, àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ tí Stockwell wà gan-an, ni George Burchett ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Waterloo Road. Ó di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ fínfín ara kí ó tó kú ní ọdún 1953.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, Alexander McQueen, aránṣọ tí wọ́n bí ní Lewisham nítòsí wa níhìn-ín, gbé ṣòkòtò tí ó ṣí ìbàdí sílẹ̀ jáde. Láìpẹ́, irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ àti bùláòsì péńpé gba ìgboro kan, àwọn ọmọbìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín ara síbi tí aṣọ kò bò mọ́. Ìgbà yìí ni àwọn òyìnbó wá orúkọ èébú fún un, èyí tí a lè pè ní òǹtẹ̀ alágbèrè. Ẹ wò ó: nígbà tí ó wà lápá ọmọ ọba, kò sí ẹni tí ó pè é ní òǹtẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìn ọmọbìnrin, ó di ẹ̀rí ìwà.

Èébú yìí ni àwa náà gbé wọ ilé ìkómọjáde. A gbàgbé pé wọ́n ti fi àmì ara dá àwa náà lẹ́jọ́ rí. Ní ọdún 1974, wọ́n gbé ìyá kan tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá dé ilé ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, nítorí pé ó fi abẹ kọ ilà sójú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n dá a lẹ́bi. Adájọ́ kò fi ìyà jẹ ẹ́, ó tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá tún dán an wò kò ní rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìyá náà rò pé òun fi sọ ọmọ òun di ọmọ ilé, ọgbẹ́ lásán ni òfin kà á sí.

A kò sọ pé òfin náà burú. Láti ọdún 1969 ni òfin Ìlú Ọba ti ka tátù léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ní ilé wa pẹ̀lú, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ka tátù àti ilà kíkọ léèwọ̀ lára ọmọdé. Ìdí rẹ̀ yé wa: ara kì í ṣe aṣọ tí a lè bọ́ sọ́ sílẹ̀, ó sì tọ́ kí ẹni tí ó ni ín fúnra rẹ̀ gbà kí abẹ tó kàn án. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń sọ yìí ti dàgbà. Òun ni ó fẹ́ ẹ, òun ni ó sanwó rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí a kò lè fojú fò. Gbogbo ìlú ni ó mọ kóló Màmá kà. Ti ọmọ yìí, òun nìkan ni ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kò lè kà á, kàkà kí a bi í léèrè, ìtumọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fún un ni a gbé lé e lórí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fín ara. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun ṣe é, kí ó bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún 18, kí ó sì sọ ìtàn kóló fún un pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti Peckham títí dé Stockwell, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi èébú tí a yá lò lé ọmọ wa kúrò nílé.

Nígbà tí a jẹun tán lọ́jọ́ náà, Màmá ní kí wọ́n pe ọmọ náà wọlé. Ó fà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé ó dùn ọ́?" Ọmọ náà wo apá Màmá, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mí gan-an ni, Màmá." Màmá ní, "Tèmi náà."