Ààbò Létí Adágún Omi: Ọgbà Agodi àti Adágún Ẹlẹ́yẹlé

Àwọn olùgbé Ọ̀jọ́ọ̀, Agbowó àti Bódìjà tí ó bá fẹ́ najú létí omi kò nílò láti jáde kúrò nílùú Ìbàdàn. Ọgbà Agodi, tí adágún omi wà nínú rẹ̀, kò jìnnà sí Sẹkitéríátì ìjọba. Adágún Ẹlẹ́yẹlé sì wà ní ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ìlú. Omi méjèèjì tutù lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní Agodi, inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ oní-símẹ́ńtì tí a ṣe fún un ni kí ó wọ̀.

Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ lò. Àfonífojì tí omi bò mọ́lẹ̀ ni irú adágún bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ lè tẹ ilẹ̀ níbì kan, kí ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e bọ́ sí ibú. Ẹrẹ̀ a máa di ẹsẹ̀ mú, koríko orí omi a sì máa lọ́ mọ́ni lára. Ibi tí omi ti ń tú kúrò lára dáàmù ni ó léwu jù, pàápàá lákòókò òjò. Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ agbára omi: ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ba Ọgbà Agodi gan-an jẹ́.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí ó gbójú lé ọgbọ́n ara rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí, àgàgà ẹni tí ó ti mu ọtí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó kú sómi lágbàáyé lọ́dún 2021, tí ó kù díẹ̀ kí ìdajì wọn jẹ́ àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀yin òbí, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà pariwo, nítorí kò rí èémí tí yóò fi ké. Ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín yóò ti tó o. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù kò ṣọ́ ọmọ.

Bí ẹnì kan bá há sínú omi, ẹ má ṣe bẹ́ sí i; ibẹ̀ ni òkú kan ti ń di méjì. Ẹ na igi gígùn sí i, tàbí kí ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé lẹ́nu sí i, kí ẹlòmíràn sì pe 615 tàbí 112. Bí ẹ bá ti fà á jáde, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá nígbà 30, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bí ó tilẹ̀ jí tí ó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí omi tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.