Ilé, Orúkọ àti Amóhùnmáwòrán: Ìtàn Ìkólọ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wimbledon

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2002, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta kan tí FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀ kéde ìpinnu rẹ̀. Ẹni méjì fọwọ́ sí i, ẹnì kan kọ̀. Ìpinnu náà ni pé kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Wimbledon kó kúrò ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ sí Milton Keynes, ìlú kan tó jìnnà síbẹ̀ tó nǹkan bí 90 kìlómítà.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, síbẹ̀ inú àwọn alátìlẹ́yìn Wimbledon kò tíì rọ̀. Ìbéèrè tí àròkọ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ló dé tí ìbínú náà kò fi tán? Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀nà ló jìn jù. Àlàyé yẹn kò tó. Ohun méjì ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ráhùn lé lórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kíkó ẹgbẹ́ kúrò nílé, àti títa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán. Èrò tiwa ni pé ìdí kan náà ni ẹ̀dùn méjèèjì ní. Owó amóhùnmáwòrán ló sọ àyè tí ẹgbẹ́ ní nínú líìgì di ọjà tí a lè gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí àyè náà di ọjà, àwọn tó ń wo ẹgbẹ́ náà láti ìran dé ìran kò ní ohùn lórí rẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ àdúgbò, 1889 sí 1988

Ọdún 1889 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ nígbà náà sì ni Wimbledon Old Centrals. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ àwọn tí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Pápá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Plough Lane ni ilé wọn. Ọdún 1977 ni wọ́n tó gbà wọ́n wọ líìgì àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́, nígbà tó sì di ọdún 1986, wọ́n ti dé ìpele àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni èyí gbà wọ́n.

Òkè ògo wọn ni ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 1988, nígbà tí wọ́n borí Liverpool pẹ̀lú àmì ayò kan sí òdo ní àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ FA ní Wembley. Lawrie Sanchez fi orí kan bọ́ọ̀lù náà wọlé. Dave Beasant tó ń ṣọ́lé sì gba pẹnárítì John Aldridge mú. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún Wimbledon lọ́jọ́ náà ni John Fashanu, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ìṣẹ́gun yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí a ń sọ, nítorí ife-ẹ̀yẹ náà ni wọn yóò fi ọdún púpọ̀ jà lé lórí pé ta ló ni ín.

Bí ilé ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1989, jàǹbá ṣẹlẹ̀ ní pápá Hillsborough ní Sheffield, ènìyàn 97 sì bá a lọ. Ìròyìn Adájọ́ Taylor tó tẹ̀lé e ní ọdún 1990 dámọ̀ràn pé kí pápá àwọn ẹgbẹ́ ńlá jẹ́ èyí tí gbogbo òǹwòran yóò ti máa jókòó. Àmọ̀ràn rere ni, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ló dá lé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni Wimbledon sọ pé Plough Lane kò ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Selhurst Park láti bá Crystal Palace pín pápá lò. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún méjìlá ni ìgbà díẹ̀ náà gbà.

Láàárín àkókò yìí, Sam Hammam tó ni ẹgbẹ́ náà ta èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ fún Kjell Inge Røkke àti Bjørn Rune Gjelsten, oníṣòwò méjì láti Nọ́wè, ní ọdún 1997. Ní ọdún 1998, ilẹ̀ Plough Lane fúnra rẹ̀ di títà fún Safeway, ilé ìtajà ńlá. Wọ́n tún gbèrò láti kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Dublin ní Áyálándì. Èrò yẹn kò wọlé, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé lójú àwọn olówó, Wimbledon kò ní ilé mọ́, ohun tó kù tó níye lórí ni àyè rẹ̀ nínú líìgì.

Owó tó wà nínú àyè

Kí ló wá mú kí àyè náà níye lórí tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìtàn amóhùnmáwòrán. Ìfura àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù sí amóhùnmáwòrán ti pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ITV gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Blackpool àti Bolton sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ètò náà kò pẹ́ tó fi forí ṣánpọ́n. Lẹ́yìn náà ni Bob Lord, alága Burnley, jà fitafita pé bí ènìyàn bá lè jókòó sílé wo bọ́ọ̀lù, owó ìwọlé àwọn ẹgbẹ́ kékeré yóò gbẹ. Láti inú àríyànjiyàn yẹn ni ìlànà kan ti jáde: kí a má ṣe gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan sáfẹ́fẹ́ tààrà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú 15 títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ní ọ̀sán Sátidé. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó wá sí pápá ló ń mú ẹgbẹ́ dúró.

Ọdún 1992 yí èrò yẹn padà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ìpele àkọ́kọ́ ya kúrò láti dá Premier League sílẹ̀, BSkyB àti BBC fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún tí iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 304 pọ́n-ùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ sí ọjọ́ Àìkú àti alẹ́ ọjọ́ Ajé kí ó lè bá àkókò àwọn òǹwòran ilé mu. Ẹni tó ń rin ìrìn-àjò tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá di ẹni tí kò lè délé kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń bẹ láàárọ̀. Ìráhùn yìí kò tíì dáwọ́ dúró.

Wimbledon wà nínú àwọn tó dá Premier League sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere nípa ohun tó yí padà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, ọdún 1993, òǹwòran 3,039 péré ló wá wo wọn pẹ̀lú Everton ní Selhurst Park. Láyé Bob Lord, irú iye bẹ́ẹ̀ ìbá kó ìdààmú bá alága. Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ tí kò ní ilé, tí èrò rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣì lè jókòó láàárín àwọn ọlọ́lá, nítorí pé owó ti ń gba ojú afẹ́fẹ́ wọlé. Wọ́n wà níbẹ̀ títí di ọdún 2000 tí wọ́n fi já sí ìpele kejì.

Ìdájọ́ ọdún 2002

Milton Keynes jẹ́ ìlú tuntun tí ìjọba yàn kalẹ̀ ní ọdún 1967. Pete Winkelman, tó ti ṣiṣẹ́ nínú òwò orin, fẹ́ kọ́ pápá ìṣeré ńlá síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilé ìtajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pápá bẹ́ẹ̀ nílò ẹgbẹ́ akọṣẹ́mọṣẹ́, ìlú náà kò sì ní ọ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Charles Koppel, alága Wimbledon, kéde pé ẹgbẹ́ òun fẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ líìgì kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onílàjà, ó sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-mẹ́ta tí a mẹ́nu bà lókè.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. ITV Digital ti ṣèlérí mílíọ̀nù 315 pọ́n-ùn fún líìgì tí Wimbledon wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó sì jẹ líìgì ní mílíọ̀nù 178.5 tí kò san. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ná owó náà kí wọ́n tó rí i. Inú ìbẹ̀rù yìí ni ìgbìmọ̀ ti jókòó. Èrò àwọn méjì tó fọwọ́ sí i ni pé bí Wimbledon kò bá lọ, gbèsè yóò pa á. Wọ́n tún sọ pé kí àwọn alátìlẹ́yìn dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe ohun tó máa ṣe bọ́ọ̀lù lóore. Kò sí gbólóhùn tó dun àwọn alátìlẹ́yìn tó èyí, nítorí ohun tí wọ́n rí kà nínú rẹ̀ ni pé àyè nínú líìgì ni ẹgbẹ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni ẹgbẹ́ náà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé àkọ́kọ́ ní Milton Keynes. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó yí orúkọ padà sí Milton Keynes Dons.

Àwọn tó kọ̀ láti tẹ̀lé wọn

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìdájọ́ náà, àwọn alátìlẹ́yìn dá AFC Wimbledon sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2002, wọ́n ṣe ìdánwò ní gbangba lórí ilẹ̀ Wimbledon Common. Nǹkan bí 230 agbábọ́ọ̀lù ló wá. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú Sutton United, wọ́n sì jẹ àmì ayò mẹ́rin sí òdo. Òǹwòran 4,657 ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún yẹn kan náà, 849 péré ló wo ẹgbẹ́ àtijọ́ pẹ̀lú Rotherham ní Selhurst Park. Ẹni tó bá fi iye méjèèjì wé ara wọn yóò rí ibi tí ẹgbẹ́ náà wà gan-an.

AFC Wimbledon bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ líìgì, lábẹ́ àkóso àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n sì wọ líìgì àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, nígbà tí wọ́n fi pẹnárítì borí Luton.

Ìjà lórí orúkọ

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ kì í dá dúró; ó ń tọ́ka sí àwọn tó bíni, ibi tí wọ́n ti wá àti ohun tí ojú wọn ti rí. Lóòótọ́, ìtàn Yorùbá mọ̀ pé ìlú lè ṣí kúrò níbi kan kí ó sì mú orúkọ rẹ̀ dání. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro, tí Àtìbà sì tẹ Àgọ́-Ọjà dó gẹ́gẹ́ bí Ọ̀yọ́ tuntun, orúkọ náà kò di èké, nítorí ọba, ìjòyè àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé e lọ. Ti Wimbledon yàtọ̀. Ìwé àṣẹ ló ṣí lọ. Àwọn ènìyàn dúró.

Ìdí nìyí tí ìjà náà fi dá lórí ohun tí ẹlòmíràn lè kà sí ohun kékeré. Ta ló ni ọdún 1889? Ta ló ni ife-ẹ̀yẹ ọdún 1988? Ní ọdún 2006, wọ́n ṣe àdéhùn pé Milton Keynes kò ní í pe ìtàn Wimbledon ní tirẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, wọ́n dá àwọn ohun ìrántí ìṣẹ́gun àtijọ́ padà sí Merton, agbègbè tí Wimbledon wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Dons ṣì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ Milton Keynes. Ìnagijẹ Wimbledon ni, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí egbò náà máa ta wọ́n.

Ẹ̀dùn di eré ojú afẹ́fẹ́

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 2012, ife-ẹ̀yẹ FA pa ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. ITV yan ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà láti gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn kan nínú àwọn alátìlẹ́yìn Wimbledon kọ̀ láti wọ pápá Milton Keynes; àwọn mìíràn lọ. Góòlù Jon Otsemobor ní àfikún àkókò ló fún Milton Keynes ní ìṣẹ́gun 2–1. Fún ẹni tó jókòó sílé, eré alárinrin ni. Fún àwọn tí wọ́n gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀dùn ọkàn wọn ti di ohun títà.

Adebayo Akinfenwa, ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wá di ara ìtàn náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, òun ló gbá góòlù tí AFC Wimbledon fi borí Milton Keynes 3–2, ìṣẹ́gun wọn àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ náà. Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, ó gbá pẹnárítì wọlé ní Wembley níbi tí wọ́n ti borí Plymouth 2–0. Ìṣẹ́gun yẹn ló gbé wọn dé ìpele kan náà pẹ̀lú Milton Keynes.

Àgbálọgbábọ̀

Ó tọ́ kí a wo ìhà kejì. Àwọn ọmọ tí a bí sí Milton Keynes lẹ́yìn ọdún 2002 kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nílùú wọn ni wọ́n fẹ́ràn, ìfẹ́ wọn sì jẹ́ òtítọ́. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro yanjú: kò sí bí a ṣe lè dá ẹgbẹ́ náà padà láìṣe irú ìwà kan náà sí àwọn mìíràn.

Síbẹ̀, a ti rí ìdí tí ìbínú náà kò fi tán. Ohun tí wọ́n pàdánù kọjá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sán Sátidé. Ìdájọ́ kan sọ fún wọn pé wíwà wọn níbẹ̀ láti ìran dé ìran kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè tí owó amóhùnmáwòrán ti fún níye. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, AFC Wimbledon gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní pápá tuntun wọn ní Plough Lane, kò jìnnà sí ibi tí pápá àtijọ́ wà. Àwọn alátìlẹ́yìn ti yá ẹgbẹ́ náà ní owó tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn kí iṣẹ́ náà lè parí. Wọ́n gbá ọ̀mì 2–2 pẹ̀lú Doncaster. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí òǹwòran wọlé. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti ń wá ilé, ojú ẹ̀rọ ni àwọn tó kọ́ ọ ti kọ́kọ́ rí ẹgbẹ́ wọn nínú rẹ̀. Wọn kò bínú sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń wò nínú rẹ̀, tiwọn ni, ibi tó sì wà, ilé ni.