Ìyàwó Onígbèsè Tó Jà Fún Ẹ̀kọ́ Ọmọbìnrin

Ìtàn ti ọdún yìí, láti Amẹ́ríkà ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti sìn ní gbèsè rí á mọ̀ ọ́n lára.

Ọdún 1751 ni wọ́n bí Judith Sargent ní Gloucester, ìlú etí òkun ní Massachusetts. Bàbá rẹ̀ rí jájẹ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Winthrop, ni wọ́n rán lọ sí Harvard. Judith ńkọ́? Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé díẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó parí. Ìyókù, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí.

Ní 1769, ó fẹ́ John Stevens, oníṣòwò orí omi. Ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà ba òwò jẹ́, gbèsè wá dé. Ní 1786, ọkọ sá lọ sí erékùṣù West Indies, ibẹ̀ ló kú sí. Òfin ìgbà yẹn sì rèé: ohun ìní ìyàwó, ọkọ ló ni ín!

Ó tún fẹ́ John Murray, oníwàásù, ní 1788. Ní 1790, ó gbé àròkọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn pé ọpọlọ obìnrin àti ti ọkùnrin dọ́gba. Ó bi wọ́n bóyá ọmọkùnrin ọlọ́dún méjì gbọ́n ju ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀kan lọ ilé ìwé, tí èkejì jókòó ti abẹ́rẹ́, ni wọ́n ń pe èkejì ní òpè.

Owó tún há nílé Murray. Ní 1798, Judith tẹ ìwé rẹ̀, The Gleaner, apá mẹ́ta. Àwọn èèyàn ti san àsansílẹ̀ kó tó jáde, George Washington sì wà nínú wọn. Ohùn ọkùnrin ló fi kọ ọ́, torí ó mọ̀ pé àwọn kan ò ní ka tobìnrin sí. Níbẹ̀ ló ti ní kí ọmọbìnrin mọ iṣẹ́ tó lè fi bọ́ ara rẹ̀, kó má fi ọkọ nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Lójú tèmi o, gbèsè Stevens ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ó kú ní 1820 ní Natchez, ní Mississippi, lọ́dọ̀ Julia ọmọ rẹ̀. Lẹ́tà tó bá kọ, á tún un dà kọ sínú ìwé ńlá, bí ẹni ń kọ ìwé ọjà. Ọdún 1984 ni wọ́n tó rí àwọn ìwé ọ̀hún ní Natchez, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20.