Bí Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Fi Ìbọn àti Ìwé Àdéhùn Gba Ẹ̀gbá

Nígbà tí míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, ìlú Ẹ̀gbá, ní oṣù kìíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀tá yí ìlú tuntun náà ká, Ẹ̀gbá sì ń wá ìbọn àti ọ̀nà sí etíkun. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Dahomey, lọ́kùnrin lóbìnrin, já lu odi ìlú ní Aro. Ẹ̀gbá lé wọn sá. Ẹ̀tù àti ọta tí Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi jà. Lópin ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè tí ó lé kúrò padà sórí oyè. Ní oṣù kìíní ọdún 1852, àwọn olóyè Ẹ̀gbá náà tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní ta ẹrú mọ́.

Ní ọdún 1861 ni ọ̀rẹ́ di aládùúgbò tó ń fẹ́ ilẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìjà owó bodè àti ọ̀nà epo pupa kò tán mọ́. Ní ọdún 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọmọ ogun lọ tú Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú ká. Inú bí Ẹ̀gbá, ọdún 1867 sì ni Ìfọ́lé: wọ́n kó ẹrù inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òyìnbó sì fi ìlú sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892, Carter, gómìnà Èkó, wá sí Abẹ́òkúta. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1893 ní kí Ẹ̀gbá má ṣe ti ọ̀nà pa láìjẹ́ pé gómìnà gbà. Ó tún ní bí Ẹ̀gbá bá pa àdéhùn mọ́, Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba apá kankan nínú ilẹ̀ wọn. Ìlérí yìí ni Ẹ̀gbá gbára lé fún ọdún mọ́kànlélógún. Lórí rẹ̀ ni ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1898 dúró, ìjọba tó ní ilé ẹjọ́ àti àpò owó tirẹ̀. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, ọba Abẹ́òkúta, rin ìrìnàjò dé London lọ́dún 1904, Ọba Edward Keje sì gbà á lálejò.

Lọ́dún 1914, Ṣóbíyì Pónlàdé, àgbàlagbà ará Ìjẹmọ̀, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, kú lẹ́yìn tí wọ́n fi ọwọ́ òfin mú un. Ìjẹmọ̀ fárígá. Ní oṣù kẹjọ, sójà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún wọn. Olúwo, olórí Ògbóni Ìjẹmọ̀, wà lára àwọn tó kú. Ní oṣù kẹsàn-án, Aláké àti àwọn olóyè fọwọ́ sí ìwé tó pa ti 1893 rẹ́. Tipátipá ni, nítorí sójà ṣì wà nílùú.

Owó orí tí Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, gbé dé ló fa Ogun Àdùbí ní ọdún 1918. Àwọn Ẹ̀gbá hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, sójà sì bo ogun náà mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.