Ohun Tó Ń Dí Kọ̀ǹpútà Lọ́wọ́ Àtiwọ Dómáìnì Ọ́fíìsì

Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti wọ dómáìnì ọ́fíìsì, ìyẹn agbo kọ̀ǹpútà tí sáfà kan ń darí, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Wọn á pa á, wọn á tún un tàn. Wọn á yọ wáyà, wọn á tún fi í padà. Bí kò bá tún gbọ́, wọn á pa Windows inú rẹ̀ rẹ́, wọn á sì gbé òmíràn sí i. Lójú tèmi, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni èyí tó pọ̀ jù nínú làálàá yìí, ìtàn dómáìnì fúnra rẹ̀ ló sì gbè mí lẹ́yìn. Láti ọdún 2000 ni kọ̀ǹpútà tó fẹ́ wọ dómáìnì ti ní láti béèrè ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò. Bí ẹni tó bi kò bá mọ ọ̀nà, à báà tún Windows gbé sí i nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní débẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ Sytek ṣe NetBIOS fún IBM, fún kọ̀ǹpútà ìwọ̀nba tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan náà. Èyí tó bá ń wá èkejì rẹ̀ á kàn ké orúkọ rẹ̀ sórí wáyà, ẹni tó ni orúkọ á sì dáhùn. Lórí Windows, orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ, òfin tó ṣì wà títí dòní. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni Microsoft kọ́ dómáìnì Windows NT lé nígbà tí NT 3.1 jáde ní oṣù Keje 1993: sáfà àgbà kan ló ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, àwọn sáfà igbákejì sì ń da ẹ̀dà rẹ̀ kọ. Ó rọrùn gan-an nínú ọ́fíìsì kékeré. Àmọ́ igbe kì í kọjá router. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti ní ẹ̀ka sí àdúgbò mìíràn, igbe ti ibí kì í dé ọ̀hún. Àbùlẹ̀ ni WINS, sáfà tó ń tọ́jú orúkọ kọ̀ǹpútà, tó bá NT 3.5 wá ní 1994, jẹ́ fún ihò yìí.

Ibòmíràn ni ojútùú tó pé ti wá, kì í sì í ṣe ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe é fún. Lórí ARPANET, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni gbogbo orúkọ wà, ilé ìwádìí SRI ní Menlo Park, California, ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí orúkọ pọ̀ kọjá agbára wọn, Paul Mockapetris gbé DNS, ètò tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, kalẹ̀ ní 1983, kí oníkálukú lè máa tọ́jú orúkọ agbo ilé tirẹ̀. Ọdún kan náà ni yunifásítì MIT bẹ̀rẹ̀ Project Athena pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IBM àti Digital. Inú rẹ̀ ni Kerberos ti jáde, tó gba ìmọ̀ tí Roger Needham àti Michael Schroeder tẹ̀ jáde ní 1978 lò, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun láìjẹ́ pé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ń rìn kiri lórí wáyà. Yunifásítì Michigan ló bí LDAP, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà wá nǹkan nínú ìwé orúkọ, ní 1993. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 2000, Windows 2000 so gbogbo wọn pọ̀ ó sì pè é ní Active Directory. Nínú oṣù yẹn gan-an ni RFC 2782 jáde, ìwé tó ṣàlàyé bí DNS yóò ṣe máa sọ ibi tí iṣẹ́ kan wà dípò orúkọ ẹ̀rọ lásán. Òṣìṣẹ́ Microsoft kan sì wà lára àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́. Àwọn tó kọ́ dómáìnì tuntun mọ̀ pé DNS ni wọ́n gbé ìwúwo rẹ̀ lé.

Ẹ̀rí tó ṣe kedere jù lọ wà lójú Windows fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá sọ pé òun kò rí sáfà tó ń darí dómáìnì, bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí àlàyé. Àlàyé yẹn a máa dárúkọ DNS, a máa kọ ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà béèrè gan-an, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú _ldap._tcp.dc._msdcs, nígbà mìíràn a sì máa to àdírẹ́sì àwọn sáfà DNS tó bi. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ ẹ́. Sáfà DNS inú ọ́fíìsì ló mọ ìdáhùn náà. Router tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá kò mọ̀ ọ́n. 8.8.8.8, sáfà DNS tí Google ṣí fún gbogbo ayé ní oṣù Kejìlá 2009 kò mọ̀ ọ́n, torí orúkọ abẹ́lé ni. Síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń kọ sórí kọ̀ǹpútà kí íntánẹ́ẹ̀tì lè yá. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi lè rí gbogbo ayé, kí ó má rí sáfà tó wà ní yàrá kejì.

Yàtọ̀ sí DNS, aago kọ̀ǹpútà náà lè dí i lọ́wọ́, ogún láti MIT sì ni èyí. Kerberos ń fi àkókò sára ẹ̀rí, kí olè tó bá dà á kọ lójú ọ̀nà má baà rí i lò tó bá yá; nítorí náà kò fẹ́ kí aago kọ̀ǹpútà àti ti sáfà fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ síra, ìwọ̀n yìí sì ni Windows gbà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, bí ó ti rí ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí ń le sí i: bí bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà bá ti kú, iná lílọ ẹ̀ẹ̀kan péré lè dá aago padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ kúkúrú dómáìnì máa ń gbà nígbà mìíràn níbi tí orúkọ gígùn ti kọ̀, pé DNS kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni pé ó ń gbà, torí Windows ṣì lè ké igbe NetBIOS àtijọ́ bí sáfà bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ṣùgbọ́n DNS tó bàjẹ́ kò tíì sàn. Wàhálà náà á padà wá nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ wọlé lówùúrọ̀ tàbí nígbà tí òfin ọ́fíìsì kò bá dé orí ẹ̀rọ rẹ̀. Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ, mo sì gbà á: àwọn ìgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ̀ láìkan ọ̀nà rárá. Windows Home kò lè wọ dómáìnì, kò sí ohun tí DNS lè ṣe sí i. Láti oṣù Kẹwàá 2022, Microsoft kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn tún orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lò, nọ́ńbà 0xaac ló sì ń gbé jáde. Àmọ́ kí 0xaac tó yọjú, kọ̀ǹpútà ti rí sáfà, sáfà ti wo ìwé orúkọ, ó sì ti dá a lóhùn. Ẹni tó bá fi àṣẹ nslookup bi DNS ní ìbéèrè kan náà tí Windows béèrè yóò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan bóyá ọ̀nà ni kò sí ni àbí àṣẹ ni kò sí, kí ó tó fọwọ́ kan Windows rárá.